Adelé Kì í Ṣe Onílé

Bí a bá fi agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kí ó máa bá wa tọ́jú ilé títí onílé yóò fi dé, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí ó má gbé e sílẹ̀ mọ́? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

Àwọn bàbá wa ti rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a sábà máa ń fi jẹ adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò sì máa ṣe àkóso ìlú títí a ó fi yan ọba tuntun. Ọgbọ́n ńlá wà nínú àṣà yìí: ẹni tí àṣà kò fún ní ààyè láti jọba ni a fi adé ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí nìkan kò tó. Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì lè gorí ìtẹ́. Síbẹ̀, láti nǹkan bí 1754 títí di 1774, Baṣọ̀run Gáà ni ó ń ṣe ìjọba ní tòótọ́. Ọba márùn-ún ni ó fi jẹ: Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé àti Abíọ́dún. Òun náà ni ó sì fa ikú mẹ́rin àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká àwọn ìlú, àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Gáà kò dé adé rí, ṣùgbọ́n ohun tí adé wà fún ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè wí pé ìkà ni Gáà, kí a má fi í ṣe òṣùwọ̀n fún adelé rere. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè. Ní ilẹ̀ Sweden, nígbà tí ọba Karl Knutsson kú ní 1470, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Sten Sture di adelé. Ó ṣẹ́gun ọba Denmark ní Brunkeberg ní 1471. Ní ìgbà tirẹ̀ ni a dá Yunifásítì Uppsala sílẹ̀ ní 1477. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìgbà tí ogun borí rẹ̀ ní 1497 ni ó tó gbà kí Hans jọba. Ní 1501 ó tún padà sí ipò náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1503.

Bí iṣẹ́ rere bá sọ adelé di onílé, ta ni yóò ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ náà? Òun tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. A kì í sì í jẹ́ adájọ́ nínú ẹjọ́ ara ẹni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ kan ti kọ́kọ́ fẹ́ràn Gáà nítorí pé ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìwà ipá àwọn ọba. Oore náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìkà. Nígbà tí Abíọ́dún fi máa bá a wọ̀jà, àfi kí ó ké sí Ọ̀yábí, Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́. Abájọ tí àgbà fi ń wí pé, bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ fi ìgbìmọ̀ adelé ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ni ó tọ́. Olùkọ́ tí a fi ṣe adelé ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá wà lábẹ́ òfin kan náà: àkọsílẹ̀ owó gbọdọ̀ pé, kọ́kọ́rọ́ gbọdọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ adelé: ọjọ́ tí yóò lọ, ẹni tí yóò jíhìn fún, àti ìwà tí yóò mú un lọ láìjẹ́ pé a lé e. Méjì àkọ́kọ́, òfin lè fún wa. Ẹ̀kẹta, ilé ni a ti ń kọ́ ọ.