Ta Ni Yóò Kọ́ Ẹni Tí Yóò Kọ́ Wọn?



Ẹ̀yin ará wa, àwọn òbí a máa sọ fún wa pé: "Àáfà, ẹ bá wa wá olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ wa, èyí tí ó mọ ìyà tí ó ń jẹ ọmọ yìí." Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ṣé mímọ ìyà nìkan tó láti fi kọ́ ẹni tí ìyà ń jẹ? Bí kò bá tó, ọrùn ta ni ìyókù wà?

Gbogbo ọmọ ilé-kéwú ló mọ ìtàn Abdullah ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí sùúrà Abasa sọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń parí ìtàn náà sí. Èyí tí ó tẹ̀lé e ló kàn wá lónìí: òun àti Mus'ab ọmọ Umair wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé Mọdínà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní Alùkùránì. Ẹ kíyèsí i, wọn kò ní kí ó lọ máa kọ́ afọ́jú nìkan. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ná, kò sì dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ọmọ Mùsùlùmí dá. Ní Èkó àtijọ́, ọ̀pọ̀ òbí mú ọmọ wọn sílé nítorí ìbẹ̀rù pé ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ yóò yí i lẹ́sìn padà. Ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí àkọ́kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọ CMS ti ń kọ́ olùkọ́ ní St Andrew's, Ọ̀yọ́. Nígbà tí a fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, ó rọrùn láti mọ ogiri kíláàsì ju kí a rí Mùsùlùmí tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí yóò dúró nínú rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ọmọ kan kiri ẹ̀kọ àárọ̀ kí ó tó dé kíláàsì, ó ń tòògbé. Òmíràn ti há Yáásín sórí, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é ní olódo nítorí pé ó ń ka ìwé láti ọ̀tún wá sí òsì. Olùkọ́ tí ó ti ilé-kéwú wá yóò mọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tán, kí ni yóò ṣe sí i? Bí a kò bá kọ́ ọ, ohun tí wọ́n fi kọ́ òun ni yóò fi kọ́ni: pàṣán. Ẹni tí ìyà jẹ kí ó tó mọ̀wé a tilẹ̀ máa le ju ẹlòmíràn lọ, a ní, "Ṣebí èmi náà là á já."

Iṣẹ́ olùkọ́ ní ìmọ̀ tirẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìyà kò lè kọ́ olùkọ́ ní irú èyí.

Ibi tí ó dùn wá jù nìyí. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá gba NCE tán, kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n máa ń kó fún un: "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n." Ṣé gbèsè ni kí ènìyàn ti jẹ́ tálákà rí ni? Àwa kò rí òdodo nínú rẹ̀. Ilé-kéwú náà kò yọ sílẹ̀. Àdúà ni ọ̀pọ̀ fi ń san owó oṣù. Àdúà dára, ṣùgbọ́n onílé kì í gbà á.

Sàká wà. Nínú ẹni mẹ́jọ tí ó tọ́ sí i nínú sùúrà Taoba, aláìní ló ṣíwájú, ọmọ aláìní tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kò sì tíì kúrò nínú wọn nítorí pé ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan, kí wọ́n san owó ọdún mẹ́ta rẹ̀. Ẹ má yọ obìnrin sílẹ̀, nítorí ohun wà tí ọmọbìnrin kò lè sọ fún olùkọ́ ọkùnrin. Bí ó bá sì padà dé, kí wọ́n fi àgbà olùkọ́ kan tì í ní ọdún kìn-ín-ní, kí àwọn méjèèjì jọ máa wọ kíláàsì náà.