Ẹni Tí Kò Pa Ọjọ́ Iṣẹ́ Jẹ

Ta ni ó yẹ kí a bu ọlá fún: ẹni tí ó ṣe ohun ńlá lẹ́ẹ̀kan, tàbí ẹni tí a ń bá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo Doug Jarvis, ọmọ Kánádà tí ó fi eré họ́kì orí yìnyín ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1975 títí di oṣù kẹwàá 1987, ó ṣe eré ìdíje 964 ní ìtẹ̀léra, kò pa ọ̀kan ṣoṣo jẹ. Dídí àwọn alátakò lọ́nà ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni ayé ń hó ìhó ayọ̀ fún. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal gba ife Stanley nígbà mẹ́rin, láti 1976 sí 1979.

Kì í ṣe àárẹ̀ ni ó fi òpin sí i. Àwọn olórí ẹgbẹ́ Hartford ni kò yàn án mọ́. Ní 2022, Keith Yandle ṣe jù ú lọ.

Kí ni ó wá kù? A mọ̀ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìlera. Ẹni tí àìsàn dá dúró kò di aláìṣòótọ́. A lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni, a sì lè borí iye ẹni; ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ ṣe lánàá, kò sí ẹni tí ó lè gbà á padà. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, kí a bá wa ní ipò wa.