Iná Lọ Lójú Lẹ́tà

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí, èmi ni ìyá tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà Sábó ní Ṣàgámù níbí. Ọpẹ́ ọmọ mi nìkan kọ́ ni mo gbé wá. Ọpẹ́ ọmọ mẹ́wàá ni.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń dín nínú páálí. Mo fẹ̀sùn kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà DVD wa kọ̀, kò yí mọ́. Ṣíbí sọnù. A wá ṣájà fóònù tì. Mi ò ro wọ́n pọ̀ mọ́ra, àfi lọ́jọ́ tí apá àbíkẹ́yìn mi wú bíi búrẹ́dì, tí ọyún ń jáde lára lẹ́tà tó fín síbẹ̀. Ìgbà náà ló gbé ẹ̀rọ tó fi fín in jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: mọ́tò kékeré inú DVD, tó dè mọ́ ṣíbí tó ti tẹ̀, abẹ́rẹ́ mi nínú ìgò bírò, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, okùn ṣájà tó gé lẹ́nu. Èéfín tó dì mọ́ ìgò àtùpà ló ha, tó pò mọ́ omi, tó fi ṣe tàdáwà.

Kí n má parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, orí mi wú díẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Samuel O'Reilly, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1891, láti ara bírò oníná tí Edison ṣe. Mo ní ṣé ìyá Samuel náà ń ránṣọ ni, tó fi rí abẹ́rẹ́ jí?

Ìyá mi, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí olóólà fín lára nígbà èwe, ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tó fín mi kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?” Ọmọ ò lè dáhùn. Ó wá jẹ́wọ́ pé abẹ́rẹ́ kan náà lòun fi fín ọ̀rẹ́ mẹ́sàn-án, òun kàn ń fi aṣọ nù ún ni.

Ojú mi ṣókùnkùn. Ní ọsibítù, dókítà fọ egbò, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tetanus, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún HIV àti mẹ́dọ̀wú B àti C. Wọ́n ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Aṣọ wo ló fẹ́ nu ìyẹn kúrò? Wọ́n ní ká kó àwọn yòókù wá, ká sì padà wá lẹ́yìn oṣù 3, torí àrùn lè ti wọ ara kí àyẹ̀wò má tíì rí i.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣe é. Ọmọ tí kì í lè wo àlejò lójú ló ń lọ láti ilé dé ilé, láti Mákún dé Ọ̀fìn, tó ń dọ̀bálẹ̀ fáwọn òbí ọlọ́mọ. Bàbá kan ní tẹ́ṣàn lòun ń lọ. Bàbá náà ló wá fi mọ́tò rẹ̀ kó wọn lọ gba èsì. Kò sí àrùn lára ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá!

Ó ku ohun kan. Lálẹ́ tó ń fín ara rẹ̀, ọmọ mìíràn jókòó tì í, ó ń retí tirẹ̀. NẸ́PÀ mú iná lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná ò fi dé, apá sì ti wú kó tó dé. Gbogbo èpè tí mo ti ṣẹ́ fún NẸ́PÀ, mo ti kó o padà. OLUWA LO NI MI ló fẹ́ kọ. Níbi tí iná ti lọ, OLUWA LO N ló wà lápá rẹ̀ dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, “Olúwa ló ń ṣe kí ni?”, á ní kí wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn díẹ̀.