Ọwọ́ Nínú Sinimá, Ọwọ́ Lójú Títì

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó lọ sí Benin rí kò ní ṣàì mọ Orè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ó le kú, ìjà Orè. Ìjà ọjà títà ló kù níbẹ̀ báyìí. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá ti dúró, àwọn oníbúrẹ́dì àti ọlọ́sàn a rọ́ mọ́ fèrèsé. Gíláàsì kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń ná ọjà: ọ̀kan na ìka sókè fún iye owó, èkejì ju ọwọ́ pé òun kò rà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Sinimá àgbéléwò kan ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ iwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì ti bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí eré náà rú lójú. Obìnrin kan káwọ́ lérí, a mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan fi ìka àbámọ̀ bọnu, a mọ̀ pé ó ti kó sí kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ọmọdé kan fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Kí eré tó parí, gbogbo wa ti mọ irú ènìyàn tí yóò dà.

Àfi bí ọlọ́kadà kan ṣe gbá igbá ọlọ́sàn kan dànù níta. Ọsàn fọ́n ká sójú títì. Obìnrin náà káwọ́ lérí. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, ‘Ẹ wo òṣèré!’ Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ǹjẹ́ àmì tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ṣe nígbà tó bá wù ú ṣì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́? A mọ̀ pé ẹnu ń parọ́, a sì máa ń rò pé ọwọ́ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ni a kọ́ káwọ́lérí, bí a ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn òṣèré alárìnjò, àti Hubert Ogunde tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945, kò lè ṣe kí wọ́n má fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ gbàràmù-gbaramu, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè rí i. Nígbà tí Ogunde gbé Aiyé jáde ní sinimá ní 1979, kámẹ́rà ti lè súnmọ́ ènìyàn títí dé èékánná. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣèré wa gbé ọwọ́ orí ìtàgé lọ síwájú kámẹ́rà. N kò dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ọwọ́ ńlá yẹn ló jẹ́ kí eré yé wa láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ aṣọ tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ kò ní ṣàì gbó.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Robert Bresson, ṣe fíìmù kan ní 1959 nípa jáwójáwó. Pickpocket ni orúkọ rẹ̀. Ojú olè náà kì í sọ nǹkan púpọ̀. Ọwọ́ ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé: ìka tó tú bọ́tìnnì, tó fa pọ́ọ̀sì yọ, tó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ wọ̀nyẹn kò ṣàmì kankan, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀ a rí ẹ̀rù, a rí ìfẹ́-ọkàn, a sì rí ẹwà tó ń dójú tini, títí àwa tó yẹ kí a káàánú olówó fi ń gbàdúrà pé kí wọ́n má mú olè.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, Lápité jọba Jogbo láìsin gbẹ́rẹ́ tí àṣà là sílẹ̀. Owó ti di àwọn ìjòyè lẹ́nu. Ọwọ́ àyàn ló kù, ọ̀kan ń fún okùn awọ ìlù, èkejì mú kọ̀ǹgọ́. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ọwọ́ sọ ọ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó gba òun gbọ́.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ tó ń ṣàmì lọ nínú sinimá. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ mi yìí kò dá mi láre ní Orè. Òótọ́ ni káwọ́lérí obìnrin yẹn. Ojú tèmi ni eré ti kọ́ ní àìgbàgbọ́.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èyí tí táyà kò tíì tẹ̀, ó ń fi etí ìró nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n padà sínú igbá, ó yí ibi tó bó sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín ti tán nínú ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń wakọ̀ lọ nígbà tí ẹnìkan níwájú ṣí fèrèsé, tó na owó sí i. Ọwọ́ tèmi wà lórí itan mi.