Ìjàpá Tí A Pààrọ̀ Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀kan nínú wa jogún ọkọ̀ Ìjàpá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Volkswagen ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dáa. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fún un ní wàhálà: ẹ yí sítíárìn díẹ̀, táyà ò tíì gbọ́, ẹ wọ kòtò kan, ọkọ̀ á fẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì wa ní Dọ̀pẹ̀mú ní ká yọ àpótí sítíárìn àtijọ́, ká fi rack sí i, ká sì fi irin tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wúwo níwájú. Ọ̀rẹ́ wa fajú ro. Ó ní, “Tá a bá ṣe gbogbo ìyẹn, ṣé ọkọ̀ bàbá mi náà ló ṣì jẹ́?”

Ìbéèrè yẹn ò kéré o. A ti ń fà á láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti mẹkáníìkì. Ìwúwo ọkọ̀ pín sí méjì: èyí tí sípíríǹgì gbé, bí ara ọkọ̀ àti àwa tá a jókòó sínú rẹ̀, àti èyí tí sípíríǹgì ò gbé, bíi táyà, rímù àti irin tó so mọ́ wọn. Ìkejì yìí ló ń bá kòtò jà. Tó bá wúwo, tó sì fò sókè, kì í tètè padà wálẹ̀. Táyà tí kò sì kan ilẹ̀ ò lè gbọ́ àṣẹ sítíárìn. Ní ti rack, irin gbọọrọ eléyín kan ni, tí jíà kékeré ń tì sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀rọ̀ ò rin ìrìn àjò gígùn kó tó ti ọwọ́ dé táyà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn Mustang ayé 1960 ń ja irú ìjà yìí. Ẹ́ńjìnnì V8 tó wúwo ló jókòó lé táyà iwájú lórí. Àwọn kan á yọ ẹsẹ̀ iwájú dànù, wọ́n á gbé irú ti Mustang II ọdún 1974 sí i, torí rack nìyẹn ń lò. Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti ba ohun ìtàn jẹ́.

A ò fi àwọn wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí òkú fi sílẹ̀ ní ohùn. Ọ̀rẹ́ wa máa ń dá ìró ọkọ̀ yẹn mọ̀ kó tó dé géètì. Tá a bá pààrọ̀ ohun gbogbo, kí ló kù tí á fi rántí?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Odidi orílẹ̀-èdè yíwọ́ padà lọ́jọ́ kan, Nàìjíríà náà ló ṣì jẹ́. Volkswagen fúnra rẹ̀ fi rack sí Super Beetle ti ọdún 1975. Ìjàpá náà la ṣì ń pè é.

Ibi tó wá dùn wá jù nìyí: ọ̀rẹ́ wa ló ni ìrántí, gbogbo wa la ni ewu. Ìyá alágbàdo lábẹ́ bíríjì Dọ̀pẹ̀mú, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ sọdá, èwo nínú wọn ló bá wa jogún ọkọ̀? Kí ló dé tí wọ́n á fi bá wa san owó ìrántí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń sáré lé tuntun náà. Irin fúyẹ́fúyẹ́ tí wẹ́dà kan jó pọ̀ wúruwùru torí ká lè ṣe fọ́ńté burú ju ti àtijọ́ lọ. Táyà ò mọ ojúlówó, kò mọ tuntun. Ṣé ó di ilẹ̀ mú, àbí kò dì í mú? Òun nìbéèrè tiẹ̀.

Yorùbá gbà pé orí ló ń yan ibi tá a ń lọ, ẹsẹ̀ ló ń gbé e débẹ̀. Ẹni tó tún ẹsẹ̀ ṣe ò sọ orí nù.

Ọ̀rẹ́ wa ti gbà ṣá. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan sítíárìn róbótó tí bàbá rẹ̀ máa ń dì mú. Àpótí tí wọ́n yọ wà nílé. Tó bá ta ọkọ̀ náà lọ́la, á gbé e han ẹni tó rà á, á sì sọ gbogbo ohun tó pààrọ̀ fún un.