Ìpàtẹ Etí Ọ̀nà àti Ìsọ̀ Orí Fóònù

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ni Yorùbá ti ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò rí. Àgbẹ̀ á to iṣu tàbí ọsàn ní òkìtì-òkìtì sí etí ọ̀nà oko, á fi òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan kí iye òkúta lè sọ iye owó, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọjá á ka òkúta, á gbé òkìtì kan, á fi owó sípò rẹ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, olóko á wá kó owó rẹ̀. Ọjà wà ní ìpàtẹ yìí, iye wà, ibi ìsanwó wà; ojú olùtajà nìkan ni kò sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà kan náà tó ń pàtẹ báyìí ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbi tí ojú ò bá sí, kí ló ń mú ọmọ ènìyàn ṣòótọ́?

Ìbéèrè yìí ti tún dìde ní Àkùngbá Àkókó, lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì lára Oǹdó ní 1996, yunifásítì Oǹdó kù sí Adó-Èkìtì. Ní 1999 ni ìjọba gbé e wá sí Àkùngbá. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wọlé lọ́dọọdún tí àwọn mìíràn sì ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Púpọ̀ nínú wọn ń fi fóònù ta bàtà òkìrìkà, irun, gàrí àti oúnjẹ sísè, àwọn kan sì ń fi ọjà rán awakọ̀ ní gáréèjì sí ẹni tí wọn ò ní í rí láéláé. Bí o bá bi irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ń fẹ́ lára ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò ní kó yára ṣí lórí fóònù kékeré láìjẹ dátà, kó gba káàdì àti tíráńsífà, kó jẹ́rìí pé owó wọlé lóòótọ́ kí àléètì irọ́ má baà tan òun, kó ka ọjà tó kù, kó sì ṣírò owó ìfiránṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí: Paystack bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Flutterwave ṣí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní 2020, Bumpa tẹ̀ lé e ní 2021. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: owó olùtajà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣọ́. Ta ni ń ṣọ́ owó oníbàárà?

Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré kọ́kọ́ béèrè fún ni ìrántí. Ìyá tó ń ta tòmátì lọ́jà Ìkàrẹ́ ní ibi tó máa ń jókòó sí. Bí tòmátì òkè bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ti ìsàlẹ̀ sì ti rà, ẹni tó rà á mọ ìsọ̀ tí yóò padà sí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ìjókòó yẹn ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà lórí status WhatsApp kò ní ìjókòó. Lẹ́yìn wákàtí 24, àwòrán, iye àti ìlérí ti parẹ́. Nítorí náà, ìsọ̀ tó yẹ kí a kọ́ ni èyí tí ń tọ́jú àwòrán tí oníbàárà rí kó tó sanwó, tí ń kọ àdéhùn ìdápadà síta gbangba, tí kì í sì í jẹ́ kí olùtajà pa ọ̀rọ̀ ẹni tó rajà rẹ́.

Ẹnìkan lè ní ìpàtẹ etí ọ̀nà kò ní ìwé ìrántí kankan. Ààlè ló ń ṣọ́ ọ, ìbẹ̀rù ni kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn jalè. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa ń pa ààlè sórí ohun ìní. Ṣùgbọ́n àkísà àti ìkarahun ìgbín tí wọ́n fi ń pa á kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ wọn. Ìlú tó mọ̀ ọ́n, tí ń rántí ọmọ ẹni tó jalè, ló fún ààlè lágbára. Bí ẹlòmíràn bá ní ẹ̀rí ọkàn àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó, mo gbà pé ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ṣeré: ìwé Òwe nínú Bíbélì bá òṣùwọ̀n èké wí, orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni wọ́n sì fi pe orí 83 nínú Kùránì. Àmọ́ oníbàárà kò lè rí ọkàn olùtajà. Ẹni tó sì gbà pé Ọlọ́run ń kọ iṣẹ́ òun sílẹ̀ kò yẹ kó bẹ̀rù kí oníbàárà náà kọ ọ́.

Àtakò tó le jù wá láti inú òwe wa: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, George Akerlof, fi ọjà mọ́tò àlòkù ṣàlàyé ohun tó fara jọ ọ́: bí olùrà kò bá lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, iye tó wà láàárín méjèèjì ni yóò máa san fún gbogbo rẹ̀, olóòótọ́ á sì gbé ọjà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àlàyé yìí gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Àìmọ̀yàtọ̀ ló mú òtítọ́ kùtà. Bí ìrántí bá wà, ìyàtọ̀ á hàn, olóòótọ́ á sì rí owó ọjà rẹ̀ gbà. Bí a bá sì ń bẹ̀rù pé ọ̀tá lè wá kọ irọ́, kí ẹ̀rọ náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó rajà nìkan, kó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún olùtajà láti fèsì.

Ẹ̀rọ kò lè fún ènìyàn níwà. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́rìí ìwà tó ti wà nílẹ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà ti fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà. Ìsọ̀ tí kò tọ́jú àpèjúwe ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tajà ní Àkùngbá, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, kí ẹ tó béèrè bí owó yóò ṣe wọlé, ẹ béèrè bí ọ̀rọ̀ yín kò ṣe ní í parẹ́. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.