Bí Òjò Bá Ń Pa Orí: Ogbè-Ògúndá àti Ẹni Tó Ń Sùn Níta

Ní Òkè-Ògùn, ẹni tó bá pẹ́ lọ́jà tàbí ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú yóò rí àwọn tí kò ní ilé tí wọ́n ń kánjú lọ. Ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ń tẹ́ páálí sábẹ́ àtíbàbà tí oníṣòwò ti kó ọjà rẹ̀ kúrò, tàbí sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbéra ní ìdájí. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ aláàárù tí owó tó ń rí lóòjọ́ kò ká owó ilé. Òmíràn lè jẹ́ lébìrà tó gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wọlé wá ṣiṣẹ́ oko, tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì san owó fún un. Òmíràn lè jẹ́ opó tí àwọn ẹbí ọkọ lé jáde, tàbí ọmọ tó sá nílé. Àwọn kan sì wà tí ọpọlọ wọn dàrú, tí àwọn èèyàn wọn wá wọn títí tó fi sú wọn.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá délẹ̀, gbólóhùn kan máa ń tètè jáde lẹ́nu wa: "Bí orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti bọ́ ẹrù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì gbà pé Ifá ni òun sọ. Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn tí Ifá fi sọ̀rọ̀ orí yíyàn yẹ̀ wò, ká wo ohun tó wí gan-an.

Inú odù Ogbè-Ògúndá, tí àwọn awo kan ń pè ní Ogbè-Ìyọ́nú, ni ìtàn náà ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, wà lára àwọn tó gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yà ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí, kí oníkálukú mú orí tí yóò lò láyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú. Wọn kò bá Àjàlá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú orí tó wù wọ́n lójú. Ọ̀kan kò tíì rí iná, èkejì ti sán. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni òjò ńlá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Òjò ń pa orí, amọ̀ ń yọ́, ó ń já bọ́. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ayé, orí ti jẹ. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò hàn, nítorí àtúnṣe orí tó jẹ yẹn ló ń gba gbogbo èrè iṣẹ́ wọn.

Àfùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, Ifá ní kí wọ́n fi iyọ̀ àti owó rúbọ. Wọ́n fi díẹ̀ rúbọ, wọ́n kó ìyókù fún un kó máa mú un lọ. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tó ń ṣe, ó sì bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà fún un. Oníbodè tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì gbà láti mú àlejò rẹ̀ dé ilé Àjàlá. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ariwo. Àwọn olówó ti wá sin Àjàlá ní gbèsè, Àjàlá sì ti sá gun orí àjà ilé ara rẹ̀. Àfùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ bá a yan orí tó jinná dáadáa. Òjò kan náà pa á lọ́nà, orí rẹ̀ kò yọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń mú nínú ìtàn yìí ni pé orí olórí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ìtàn náà kò sọ pé Oríṣeékú jalè, kò sọ pé Orílèémèrè ya ọ̀lẹ. Ọmọ ilé rere ni àwọn méjèèjì. Orí tí kò jinná ni wọ́n gbé, kò sí ẹni tó tọ́ wọn sọ́nà, kò sì sí ibi tí wọ́n lè yà sí nígbà tí òjò dé. Kò sí ibi tí Ifá ti bú wọn. Ẹni tó bá wá fi orí bú ẹni tó ń sùn níta, ìyẹn kò sí nínú ẹsẹ náà, òun ló fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ wo Àfùwàpẹ́ náà. Orí rere tó gbé wáyé kò ṣàdédé bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn awo bàbá rẹ̀ ló dífá, oníbodè ló fọ̀nà hàn án, Àjàlá ló bá a ṣà á. Ọwọ́ mélòó kan ló ti gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àwa tí a ní òrùlé lórí lónìí, ó ní ẹni tó gbà wá sílé nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú, ó ní ẹni tó yá wa lówó ilé, ó ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó dúró fún wa.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Ògúndá Méjì, níbi tí Ifá ti kọ́ wa pé nínú gbogbo òrìṣà, orí nìkan ló lè bá ẹni rìn títí dé òpin ìrìn àjò láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ yẹn kò sì sọ pé kí èèyàn padà lẹ́yìn èèyàn. Bí orí kò bá fi ẹni tó sùn sórí páálí sílẹ̀, a jẹ́ pé orí ló wà níbẹ̀ tí a ń rékọjá. Àpọ́nlé tọ́ sí i.

Báwo wá ni ká ṣe ràn án lọ́wọ́? Ọ̀nà tí Àfùwàpẹ́ gbà ni ká tọ̀. Ó dúró, ó bi ìbéèrè, kó tó mú ohunkóhun jáde. Ó fi iyọ̀ fún ẹni tí kò ní iyọ̀, ó fi owó fún ẹni tí gbèsè lé gun àjà. Ká ní owó ló kó sínú ọbẹ̀ oníbodè ni, ọbẹ̀ ì bá ti bàjẹ́; ká ní iyọ̀ ló gbé síwájú àwọn olówó Àjàlá ni, wọn ì bá má lọ. Nítorí náà ẹ kí ẹni náà kí ẹ tó fún un ní nǹkan. Bí ó bá jù yín lọ, "ẹ" ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ ya tó. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ohun tó lé e jáde, àti ohun tó fẹ́. Ẹ má jí i lójijì lóru, ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ láti fi han aráyé pé ẹ ṣàánú.

Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ. Lébìrà tí wọn kò sanwó fún nílò ẹni tí yóò bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kí wọ́n sanwó fún un, kó lè wọkọ̀ lọ sílé. Opó nílò àgbà tí ẹbí ọkọ kò lè kọ̀ sí lẹ́nu, bí wọ́n bá sì kọ̀, ilé ẹjọ́ wà. Ẹni tí gbèsè owó ilé lé jáde, ẹ bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó gbà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, kí ẹnikẹ́ni má fi pamọ́ sílé di ọmọ ọ̀dọ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, òjò ló kàn. Ẹsẹ Ogbè-Ògúndá sọ pé gbogbo èrè ẹni tí òjò pa orí rẹ̀ ń bá àtúnṣe lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbésí ayé ẹni tó ń sùn níta. Owó tó bá rí lọ́sàn-án, olè lè jí i lóru. Aṣọ tó bá rà, òjò á bà á jẹ́. Nígbà ọyẹ́, òtútù ilẹ̀ ọ̀dàn wa kì í ṣe kékeré. Àìsùn lóru ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ lójú wa lọ́sàn-án. Kò yẹ ká sọ pé kó kọ́kọ́ ríṣẹ́, kó kọ́kọ́ fi ọtí sílẹ̀, ká tó wá òrùlé fún un. Láti 2008 ni ìjọba Finland ti yí ètò wọn padà: ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìnílé, kí wọ́n tó ṣètò iṣẹ́ àti ìtọ́jú rẹ̀, iye àwọn tó ń sùn níta níbẹ̀ sì ti dínkù gan-an. Ìlú wa kò lówó tó Finland, ṣùgbọ́n yàrá òfìfo pọ̀ nínú àwọn agbo ilé wa tí ọmọ ti kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ ló máa ń ba wa lẹ́rù jù, síbẹ̀ a ti fún irú wọn ní yàrá rí nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó bá àwọn abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀. Àwọn ará abúlé fún wọn ní yàrá, ẹbí kan ń bá aláìsàn gbé, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn onílé wọn ṣe iṣẹ́ oko. Ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ yẹn, Lambo sì di igbá kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lórí ọ̀rọ̀ òfin, èyí tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916 ni ìpìlẹ̀ ohun tí a ń lò títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba kì í ṣe ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn; ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì júwe ibi tó kàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ àlejò tí kò nílé kò kan Òkè-Ògùn, kó rántí Ìgbòho. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ilẹ̀ Bàrìbá ni ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́kọ́ sá sí, kí Ìgbòho tó di ibùdó ọba, kí Aláàfin Abípa tó kó wọn padà sílé. Aláàfin mẹ́rin ló sùn sílẹ̀ Ìgbòho. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé Ọ̀yọ́ kọ Ifá nígbà tí wọ́n jókòó nílé wọn, ìgbà tí wọ́n di aláìnílé ni wọ́n tó gbà á. Ẹni tí ilé ń jò lé lórí ló tètè mọ ohun tí Ifá ń sọ.

Ẹbọ Àfùwàpẹ́ kò parí sí ojúbọ. Ìyókù rẹ̀ ló bọ́ sínú ìkòkò oníbodè. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ sàráà, àwọn Krìstẹ́nì wa mọ ọrẹ, iṣẹ́ kan náà ni. Ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀ àti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru ló mọ àwọn wọ̀nyí jù. Kí wọ́n pàdé, kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wọn jókòó, kí wọ́n wá ilé kan nítòsí gáréèjì fún ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá. Ẹni tó ní iyọ̀ kó mú iyọ̀ wá, ẹni tó lè san gbèsè kó san án, ẹni tó ní yàrá kó ṣílẹ̀kùn. Nínú ẹsẹ yìí, Ifá kò fi iṣẹ́ náà lé oníbodè lọ́wọ́, kò fi lé Àjàlá lọ́wọ́; ẹni tó ń kọjá lọ, tí iyọ̀ àti owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi í lé lọ́wọ́.